Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Àkúrẹ́: níbo lèèyàn ti ń jẹun, níbo ló sì ti ń jókòó?

Àbẹ̀kẹ́_Ọ̀yọ́ | Àìkú, 7:40 alẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹfà mi rèé nílùú yín. Iṣẹ́ ló gbé mi wá. Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí, Ìbàdàn ni mo sì ti gbé fún ọdún mẹ́jọ kí n tó débí. N kò mọ ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́, àwọn náà sì ní ilé àti ọmọ tí wọ́n ń sáré lọ bá. Tó bá ti di ọ̀sán Sátidé, yàrá mi á wá há mọ́ mi.

Ìbéèrè mi jẹ́ méjì. Èkíní, níbo ni mo ti lè rí ìyán gidi jẹ? Gbogbo ẹni tó gbọ́ pé Àkúrẹ́ ni mò ń lọ ló ń kí mi kú oríire ìyán. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mi, mo wọ ilé oúnjẹ ńlá kan tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Òkèlè àkọ́kọ́ ló ti sọ fún mi pé ìyẹ̀fun ni wọ́n rò sínú omi gbígbóná. Ó ń fà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní òórùn iṣu rárá, owó ìyán ni wọ́n sì gbà.

Èkejì ló ká mi lára jù. Níbo lèèyàn ti lè jókòó ní Àkúrẹ́ láìra nǹkan kan? Níbi tí mo wí yẹn, mo jẹun tán, mo fẹ́ jókòó díẹ̀ kí n máa wo títì, ni ọmọ tó ń gbé abọ́ bá wá sọ fún mi pé àwọn oníbàárà mìíràn ń bọ̀. Mo dìde. Mo fẹsẹ̀ rìn délé, n kò rí àga kan, n kò sì rí ibòji kan tí kì í ṣe ti ẹnì kan. Kí n jókòó kí n máa wo àwọn tó ń kọjá, bí mo ṣe ń mọ ìlú nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ mi sọ́nà.

Tóyìn_Arákalẹ̀ | Àìkú, 8:05 alẹ́

Ẹ káàbọ̀ o, àǹtí wa. Etí la fi ń wá ìyán nílùú yìí, a kì í fojú wá a. Ẹ jáde ní nǹkan bí aago mọ́kànlá ààbọ̀ ọ̀sán, ẹ gba Arákalẹ̀ sí ìhà Ọjà Ọba, kẹ́ ẹ má yára rìn. Ẹ máa tẹ́tí sí odó. Tó bá jẹ́ ọmọrí odó kan ṣoṣo ló ń dún gbì, gbì, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Tí méjì tàbí mẹ́ta bá ti ń dá ara wọn lóhùn, tí ìró náà ti rọ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń fọwọ́ gbá amọ̀ tútù, ìyán ti gún nìyẹn. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ yà sí. Ẹ má wá pátákó lẹ́nu ọ̀nà, kò sí.

Ẹ tún fi èyí sọ́kàn: nígbà tí iṣu tuntun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, omi máa ń pọ̀ nínú rẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ gún dáadáa, kókó sì máa ń wà nínú rẹ̀. Olóúnjẹ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á ṣì máa wá iṣu àtijọ́ kiri lásìkò yẹn, bó tilẹ̀ wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ bi í léèrè. Inú ìyá olóúnjẹ máa ń dùn sí ẹni tó mọ ìyàtọ̀.

Bàbá_Ìsọ̀lọ̀ | Àìkú, 9:22 alẹ́

Ọmọ mi, káàbọ̀. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, Ìsọ̀lọ̀ ni wọ́n sì bí mi sí. Ìbéèrè rẹ kejì ni mo fẹ́ dáhùn.

Láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, iwájú ààfin Déjì ni ibi ìjókòó Àkúrẹ́, níbi tí Ọjà Ọba wà, èyí tí a ń pè ní Ẹrẹ́késán. Ìtàn tí wọ́n sọ fún wa ni pé Ọmọrẹ̀mílẹ́kún Aṣọdẹbóyèdé, ọmọ ọmọ Odùduwà, ló ti Ilé-Ifẹ̀ ṣọdẹ dé ibí, tí okùn àkún ọrùn rẹ̀ sì já. Wọ́n ní àkún rẹ́, orúkọ ìlú sì jáde. Ààfin àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ti kà á mọ́ ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Àgbàlá pọ̀ nínú rẹ̀, ùà là ń pè wọ́n. (Wàá gbọ́ u yẹn lẹ́nu wa púpọ̀, àwọn àgbà wa ṣì ń pe ilé ní ulé.) Ùà kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tirẹ̀. Wọ́n ń búra nínú Ùà Ùbúra, wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ nínú Ùà Ìkómọ. Àwọn baba wa mọ̀ pé ìlú nílò àyè tí kò sẹ́ni tó lè dá nìkan sọ pé òun ló ni ín. Wọ́n gbé ọjà sí iwájú ààfin kí ẹni tó wá rí ọba lè rí oúnjẹ, kí ẹni tó wá ra oúnjẹ sì lè mọ ohun tó ń lọ nílé ọba.

Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọdún 1976, tí Àkúrẹ́ di olú-ìlú rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin ni mí. Ọ́fíìsì ìjọba dé, títì gbòòrò, ilé kún títí tó fi kan àwọn ìletò tí a máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Títì Ọba Adésídà tó o ń gbà lọ síbi iṣẹ́, orúkọ Déjì tó jọba láti 1897 sí 1957 ni, ọgọ́ta ọdún gbáko. A rí ọ́fíìsì, a rí títì. Ibi ìjókòó ni ẹnikẹ́ni kò rántí. Ó dùn mí pé àjèjì ló wá rán wa létí.

Ọ̀rọ̀ kan sí i: tó o bá jí lọ́jọ́ kan tó o bá gbogbo ṣọ́ọ̀bù ní títì pa, má bẹ̀rù, ọdún ìbílẹ̀ wa, Àhéregbé, ni. Ìlú a máa ti ọjà lọ́jọ́ náà. Wọ́n á ti kéde rẹ̀ ṣáájú, ra oúnjẹ rẹ sílé.

Ṣẹ́gun_FUTA | Ajé, 6:50 àárọ̀

Ẹ kú àgbà, Bàbá. Mo fẹ́ fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ sọ èrò tèmi. Iwájú ààfin dára fún ẹni tó ní ẹni tó mọ̀ níbẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, tí mo bá gbé báàgì kọ́ èjìká tí mo sì dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹnì kan á bi mí pé ta ni mò ń wá. N kò dá ẹni náà lẹ́bi, ilé ọba ni. Inú ọgbà yunifásítì FUTA ní igi, ó ní àyè, ṣùgbọ́n ọgbà ilé-ìwé ni, ẹni tí kò ní nǹkan ṣe níbẹ̀ kò lè sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́. Democracy Park tí wọ́n fi orúkọ MKO Abíọ́lá pè ló jọ ohun tí àǹtí ń wá jù, ibẹ̀ làwọn èèyàn máa ń kóra jọ sí tí ìwọ́de bá wà. Ẹ lọ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, oòrùn ọ̀sán ibẹ̀ kò ṣeé fara dà.

Àmọ́ ohun tó ń dùn mí ni pé àǹtí béèrè ibi tí èèyàn ti lè jókòó láìná owó, oúnjẹ la sì fi ń dá a lóhùn. Ìyá àgbà tó ń ti ọsibítù bọ̀ tí ẹsẹ̀ ń ro, ṣé ó di dandan kó kọ́kọ́ ra mínírà kó tó sinmi?

Tóyìn_Arákalẹ̀ | Ajé, 7:31 àárọ̀

O rí i sọ, Ṣẹ́gun. N kò rò ó débẹ̀.

Aláṣun_Oǹdó | Ajé, 1:15 ọ̀sán

Àǹtí, Àkúrẹ́ dára, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì jẹ Ìpínlẹ̀ Oǹdó lẹ́nu tí ẹ kò bá wá sí ìlú Oǹdó wá jẹ àsun. Bíi wákàtí kan ni láti ọ̀dọ̀ yín.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ torí ohun tí wọ́n ń tà lórúkọ àsun níbi gbogbo báyìí ń bí mi nínú. Iná ló lorúkọ rẹ̀. Ewúrẹ́ tàbí òbúkọ la ń pa, a kì í bó awọ rẹ̀. A ó fi iná sun irun rẹ̀ dànù, a ó fọ̀ ọ́ mọ́, a ó kun ún, a ó wá gbé e lé orí iná igi, kí èéfín àti ooru jọ wọ inú rẹ̀ lọ. Ọ̀rá á máa kán sínú ẹyin iná, òórùn á gba àdúgbò. Ẹ̀yìn ìyẹn la ó gé e wẹ́wẹ́, tawọ teegun, a ó wá fi ata rodo àti àlùbọ́sà yí i nínú epo díẹ̀. Ẹni tó bọ ẹran nínú omi, tó wá dín in, tó da ata lé e, ẹran díndín aláta ló sè. Ó lè dùn. Kó má ṣáà pè é ní àsun.

Ní ti ibi ìjókòó tí ẹ ń wí: bẹ́ǹṣì kan náà ni dókítà àti ọlọ́kadà ń jókòó lé nídìí àsun, torí iná kan náà ni wọ́n jọ ń dúró dè. Kò sí ẹni tó lè fi owó ra pé kí ẹran tètè jinná.

Bísí_Òkè_Àró | Ajé, 2:02 ọ̀sán

Àwa náà ń sun ún ní Àkúrẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n. Iná igi kan náà, awọ kan náà. Mo gbà pé ti Oǹdó lókìkí, ṣùgbọ́n ẹ má sọ̀rọ̀ bí ẹni pé a kò mọ iná.

Aláṣun_Oǹdó | Ajé, 2:20 ọ̀sán

Mo gbọ́, Bísí. Mo ti jẹ ti Àkúrẹ́ tó dára gan-an rí, n kò ní purọ́. Ẹ mú àǹtí lọ síbẹ̀, kẹ́ ẹ wá mú un wá sí ọ̀dọ̀ wa, kó fẹnu ara rẹ̀ dájọ́.

Nọ́ọ̀sì_Dúpẹ́ | Ajé, 8:48 alẹ́

Ẹ kú ìjíròrò. Iṣẹ́ mi kò ní jẹ́ kí n dákẹ́. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ibà Lassa ti ń ṣọṣẹ́ jù ní Nàìjíríà, pàápàá ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Eku ilé kan ló ń gbé e kiri. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń bà sórí oúnjẹ tí a kò bò. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má jẹun níta, èmi náà ń jẹ ẹ́. Ohun tí mo máa ń wò nìwọ̀nyí: ṣé ìkòkò ní ọmọrí, ṣé ọbẹ̀ ń hó nígbà tí wọ́n ń bù ú, ṣé omi tí wọ́n fi ń fọ abọ́ ni wọ́n ń pààrọ̀. Gàárì tí wọ́n bá sá sílẹ̀ lẹ́bàá títì, ẹ má rà á. Ẹran eku, ẹ fi í sílẹ̀ pátápátá. Tí ara bá gbóná tí kò lọ lẹ́yìn ọjọ́ méjì tí ẹ ti ń lo oògùn ibà, ẹ má jókòó sílé, ẹ lọ sí ọsibítù.

Ìyán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lójú odó àti ọbẹ̀ tó ń hó kì í bà mí lẹ́rù. Oúnjẹ tó ti wà nínú àpótí gíláàsì láti àárọ̀ ni mo máa ń sá fún.

Àbẹ̀kẹ́_Ọ̀yọ́ | Ìṣẹ́gun, 6:15 àárọ̀

Ẹ ṣeun gan-an ni, gbogbo yín. Nọ́ọ̀sì, mo ti kọ tiyín sínú ìwé. Ohun kan ṣì ń ṣe mí bákan: obìnrin ni mí, èmi nìkan ni màá sì lọ. Ṣé wọn kò ní máa wò mí níran lórí bẹ́ǹṣì?

Ìyá_Tèmítọ́pẹ́ | Ìṣẹ́gun, 9:40 àárọ̀

Àbúrò mi, wọ́n á wò ẹ́. Ìkíni ló ń yanjú ẹ̀. Má lọ jókòó kó o tó kí wọn. Yọ bàtà lẹ́sẹ̀ tó bá jẹ́ inú ilé ni, kúnlẹ̀ díẹ̀ fún ìyá tó ń bu ọbẹ̀, kí àwọn tó ń jẹun pé ẹ kú oúnjẹ. Wọ́n á ní wá jẹun. Sọ pé á gba ibi ire o. Láti ìgbà yẹn lọ, o ti di ẹni tí wọ́n mọ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ yọ ẹ́ lẹ́nu, ìyá yẹn ló máa kọ́kọ́ bá a wí. Mo gbé àwọn ìlú mẹ́ta kí n tó fẹ́ ọkọ mi síbí, bí mo ṣe ṣe é nínú gbogbo wọn nìyẹn.

Ọ̀sán ni kó o lọ. Ìdí ẹmu, dúró títí wàá fi rí ẹni tí ẹ ó jọ lọ. Kì í ṣe pé àwọn ọlọ́tí burú, àmọ́ ilẹ̀ máa ń ṣú bá èèyàn níbẹ̀, takisí a sì wọ́n lóru.

Wálé_Ìkálẹ̀ | Ìṣẹ́gun, 12:30 ọ̀sán

Ẹ ti ń sọ ìyán àti àsun láti ọjọ́ Àìkú, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ púpurú. Ó dùn mí. Ìpínlẹ̀ yìí kò parí sí Àkúrẹ́ àti Oǹdó, àwa ará ìsàlẹ̀, Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ àti Àpóì, wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀gẹ́ ni púpurú. A ó rẹ ẹ́ sínú omi títí yóò fi kan, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó yọ okùn inú rẹ̀, a ó fi ọwọ́ mọ ọ́n roboto, a ó wá tò ó sókè iná kí èéfín gbẹ ẹ́. Ìta rẹ̀ á dúdú, inú rẹ̀ á funfun. Tí a bá fẹ́ jẹ ẹ́, a ó fi ọ̀bẹ ha èèpo dúdú yẹn kúrò, a ó lọ̀ ọ́, a ó rò ó sínú omi gbígbóná. Òórùn èéfín yẹn kì í lọ, òun ló sì ń jẹ́ kí n rántí ilé ìyá mi. Ọbẹ̀ marúgbó la fi ń jẹ ẹ́. Ewé ni marúgbó, ọbẹ̀ rẹ̀ dúdú, ẹja tútù àti edé ló máa ń wà nínú rẹ̀. Àǹtí, ẹ lọ bá àwọn tó ń ta ẹja Ìlàjẹ nínú ọjà Àkúrẹ́. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ń wá púpurú. Wọ́n á mú yín débẹ̀ fúnra wọn.

Bísí_Òkè_Àró | Ìṣẹ́gun, 5:05 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má gbàgbé òkè Ìdànrè o. Kò ju nǹkan bí ogún kìlómítà lọ. Àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà, ààfin àti ilé ẹjọ́ àtijọ́ ṣì wà lókè níbi tí àwọn èèyàn ń gbé tẹ́lẹ̀. Láti 2007 ló ti wà lára àwọn ibi tí wọ́n dá lábàá fún àkójọ ibi àjogúnbá àgbáyé ti UNESCO. Ẹ gbé omi dání, kẹ́ ẹ sì gùn ún ní kùtùkùtù.

Àbẹ̀kẹ́_Ọ̀yọ́ | Àbámẹ́ta, 9:10 alẹ́

Mo ti dé. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe rí.

Takisí já mi sílẹ̀ ní Arákalẹ̀ ní nǹkan bí aago mọ́kànlá ààbọ̀. Mo ń tẹ́tí. Jẹnẹrétọ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ ata, lẹ́yìn náà oníwàásù kan tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn dání. Mo rìn kọjá àwọn oníke, mo rìn kọjá àwọn aláṣọ, n kò gbọ́ odó kankan. Mo ti ń rò pé bóyá ọjọ́ kò yẹ. Ìgbà tí oníwàásù yẹn dákẹ́ láti mumi ni mo gbọ́ ọ, lẹ́yìn ògiri kan lápá òsì mi: gbì, gbì, gbì. Méjì ni. Wọ́n ti ń dá ara wọn lóhùn.

Àgbàlá kékeré ni. Ọmọbìnrin méjì ló ń gún ìyán, ìyá kan jókòó ti ìkòkò mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ ló ní ọmọrí. (Nọ́ọ̀sì, mo wò ó!) Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo kí àwọn tó ń jẹun. Gbólóhùn kan péré ni mo sọ tí ìyá fi ní, "Ọmọ Ọ̀yọ́ nìyí." Mo bi í bóyá iṣu àtijọ́ ni. Ó wò mí pẹ́, ó wá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó má bù fún mi nínú èyí tó wà nínú kúlà, kó fún mi ní ti inú odó.

Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò jẹ irú rẹ̀ rí. Wọ́n máa ń sọ pé ìyán lóúnjẹ, ọkà loògùn. Lọ́dọ̀ wa ní Ọ̀yọ́ ọkà la fi ń ṣe oúnjẹ àárọ̀ àti alẹ́, mo sì fẹ́ràn gbẹ̀gìrì àti ewédú mi. Ṣùgbọ́n ìyán yìí funfun, ó gbóná débi tí mò ń ju òkèlè láti ìka sí ìka, tí mo bá sì gbé e súnmọ́ imú, iṣu ni. Ẹ̀gúsí tí wọ́n fi ẹfọ́ sí ni mo fi jẹ ẹ́, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ àti pọ̀nmọ́.

Mo jẹun tán, mo fẹ́ dìde kíá nítorí ohun tójú mi rí níjọ́sí. Ìyá ní, "Níbo lò ń kánjú lọ? Jẹ́ kó balẹ̀." Mo jókòó. Wákàtí kan ààbọ̀ ni mo lò lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Obìnrin kan wá tẹ́ ọmọ tó sùn sórí bẹ́ǹṣì kejì, ó ní òun ń lọ ra ata, ó lọ. Káfíńtà kan wọlé, ó bu omi mu, ó jáde. Bàbá arúgbó kan wá fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó bọ́ fìlà, ó tòògbé. Kò sẹ́ni tó ra nǹkan kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyá kò sì wo ibi tí wọ́n wà. Ṣẹ́gun, ìwọ ni mo rántí. Lẹ́yìn náà mo rìn dé iwájú ààfin, mo dúró díẹ̀. Òótọ́ ni, ẹnì kan bi mí pé ta ni mò ń wá. Mo ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú ni, mo wá wo ààfin. Ó kí mi káàbọ̀, ó sì tọ́ka sí ibi tí ààfin àtijọ́ wà fún mi.

Ṣẹ́gun_FUTA | Àìkú, 7:15 àárọ̀

Inú mi dùn, àǹtí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí: inúure ìyá yẹn ni. Òun ló ra bẹ́ǹṣì, òun ló ń san owó ìsọ̀, òun ló ra omi tí káfíńtà mu. Tí wọ́n bá lé e kúrò níbẹ̀ lọ́la, níbo ni bàbá tó ń tòògbé yẹn máa lọ? Ẹrù gbogbo ìlú la gbé lé obìnrin kan lórí.

Ìyá_Tèmítọ́pẹ́ | Àìkú, 1:50 ọ̀sán

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. A kì í rò ó bẹ́ẹ̀.

Bàbá_Ìsọ̀lọ̀ | Àìkú, 8:30 alẹ́

Ṣẹ́gun, ọmọ mi, mo ti ń ronú lórí ohun tó o sọ láti ọjọ́ Ajé. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò sí ilé tí kò ní pẹpẹlẹ. Amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọ́n mọ́ ògiri iwájú ilé, wọ́n á fi ìgbẹ́ màlúù àti ewé pa á títí á fi dán. Ẹni tó ń ti oko bọ̀ á sọ ẹrù kalẹ̀ níbẹ̀. Àlejò tí kò mọ ẹnikẹ́ni á jókòó, ẹnì kan á sì gbé omi jáde fún un kí wọ́n tó bi í pé ọmọ ta ni. Bàbá mi kì í bi ẹni tó jókòó sórí pẹpẹlẹ rẹ̀ léèrè pé kí ló rà. Nígbà tí owó kòkó dé tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé, a mọ ògiri yí ilé ká, a fi géètì sí i, pẹpẹlẹ sì ṣẹ́kù sínú. Èmi náà mọ ògiri tèmi ní 1988. N kò ronú kàn án nígbà yẹn pé mò ń gba ibi ìjókòó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Igi máńgòrò kan wà níta ògiri mi, lẹ́bàá ọ̀nà. Mo ti pe káfíńtà.

Ṣẹ́gun_FUTA | Àìkú, 8:41 alẹ́

Bàbá, ẹ má fi pákó ṣe é, òjò á bà á jẹ́. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì lè wá bu símẹ́ǹtì sí i. Ẹ sọ ọjọ́.

Bàbá_Ìsọ̀lọ̀ | Àìkú, 8:55 alẹ́

Ọjọ́bọ̀. Mo ti ní yanrìn nílẹ̀. Ẹ wá jẹun kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Tóyìn_Arákalẹ̀ | Ẹtì, 7:20 àárọ̀

Mo gba ibẹ̀ kọjá lánàá. Símẹ́ǹtì ti wà nílẹ̀, ó gùn tó èèyàn mẹ́fà. Wọ́n ti fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó kí oòrùn má là á.

Àbẹ̀kẹ́_Ọ̀yọ́ | Àbámẹ́ta, 4:25 ìrọ̀lẹ́

Oǹdó ni mo wà báyìí, èmi àti Bísí. A ti rí iwájú ààfin Ọ̀ṣemàwé. Ìyá kan tó ń ta obì sọ fún wa pé obìnrin ni ọba àkọ́kọ́ níbẹ̀, Púpùpù, àti pé títí dòní, ìjòyè obìnrin tí wọ́n ń pè ní Lóbùn ni olórí àwọn obìnrin ọjà, wọn kì í sì í fi ọba jẹ láìsí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ó tún sọ pé ọ̀pá iṣu tí àwọn baba ńlá wọn fi ń gún ilẹ̀ wò ló kọ̀ tí kò wọlẹ̀ mọ́, tí wọ́n fi mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọn yóò dó sí. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn gan-an.

A ti wà nídìí àsun láti aago mẹ́ta. Aláṣun, ẹ wí òótọ́ nípa iná. Ọkùnrin tó ń sun ún kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn tó ń pariwo pé òun ń kánjú. Bísí ní òun kò tíì gbà pé ó ju ti Àkúrẹ́ lọ, ó sì ti jẹ abọ́ kejì.

Bàbá, a ti ra tiyín sọ́tọ̀, wọ́n ti fi ewé wé e. A ó gbéra ní aago márùn-ún. Ṣé símẹ́ǹtì ti gbẹ?

Bàbá_Ìsọ̀lọ̀ | Àbámẹ́ta, 4:40 ìrọ̀lẹ́

Ó ti gbẹ. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ ló kọ́kọ́ jókòó sí i ní òwúrọ̀ yìí, ó sọ igbá kalẹ̀, ó sinmi, ó lọ. N kò mọ̀ ọ́n. Ṣẹ́gun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti wà níbẹ̀ báyìí. Ẹ máa bọ̀.